System call table mi ya wèrè lẹ́yìn tí mo fi ẹyọ kan kún un

akọ́ṣẹ́_kernel:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń kọ kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà) kékeré kan fún x86-64 (irú CPU kan), láti fi kọ́ra ni. Array kan ni mo fi ṣe system call table (àtẹ tí kernel fi ń mọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà ìpè láti ọ̀dọ̀ ètò kan ń tọ́ka sí), mo wá to sys_read, sys_write, sys_open àti sys_close tẹ̀léra sínú rẹ̀. Kò yọ mí lẹ́nu rárá. Àná ni mo ki sys_seek bọ àárín write àti open, wàhálà dé. Ètò tí mi ò fọwọ́ kàn ní kí kernel ti fáìlì 3, sys_open ló jẹ́ ìpè náà, ó sì mú 3 yẹn bí àdírẹ́sì orúkọ fáìlì!

Èkejì: bí ètò bá fi -1 sínú rax (rejísítà CPU tí nọ́ńbà ìpè ń gbà wọlé), QEMU (ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà, tí mo fi ń dán kernel wò) á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ń yẹ nọ́ńbà wò o (frame ni mo tọ́jú àwọn rejísítà ètò náà sí):

```
#define NR_SYSCALLS 5
int num = frame->rax;
if (num < NR_SYSCALLS)
    return table[num](frame);
```

baba_rejísítà:
Ètò rẹ kò mọ sys_close rí. 3 ló mọ̀, 3 yẹn ló sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti compile rẹ̀ (sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ). Nọ́ńbà tí o bá ti fún wọn, má gbà á padà mọ́. Lórí Linux x86-64, read ni 0, write ni 1, open ni 2, close ni 3. Ẹ̀yìn table ni tuntun ń lọ. Dárúkọ ipò kọ̀ọ̀kan, kí o má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún bí o ṣe tò wọ́n:

```
[SYS_close] = sys_close,
[SYS_seek]  = sys_seek,
```

Ti -1 ńkọ́? Ṣé -1 kò kéré sí 5 ni? O ti gbà á wọlé nìyẹn. Kernel lọ ka báìtì 8 tó ṣáájú table, ó pè é ní àdírẹ́sì, ó fò síbẹ̀. Fi uint64_t (irú nọ́ńbà tí kì í ní àmì òdì) rọ́pò int yẹn.

òru_ni_mo_ń_kọ́ọ̀dù:
Ọ̀gá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fo nọ́ńbà kan, NULL (àdírẹ́sì òfo) ni yóò wà níbẹ̀, ìwọ yóò sì tún pè é. Kọ́kọ́ fi èyí kún gbogbo àyè:

```
[0 ... NR_SYSCALLS - 1] = sys_ni_syscall,
```

Kí ìyẹn máa dá -ENOSYS (àṣìṣe “kò sí irú ìpè yìí”) padà, -38 nìyẹn lórí Linux. Àwọn tòótọ́ á wá tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. GCC (compiler rẹ) lè ráhùn bí o bá tan -Wextra (àfikún ìkìlọ̀), nítorí o ń kọ ohun kan lé òmíràn lórí. O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Fi const sí table náà pẹ̀lú, àbí ta ló fẹ́ máa yí i padà?

akọ́ṣẹ́_kernel:
Ẹ ṣé gan-an ni! Mo ń dá -ENOSYS padà fún nọ́ńbà tí kò sí nínú table náà pẹ̀lú: -1 gba -38 padà, QEMU dákẹ́. Àmọ́ sys_mmap mi, ìpè tó ní argument (ohun tí ètò fi ránṣẹ́ sí ìpè) mẹ́rin, ń rí ìdọ̀tí nínú ìkẹrin. frame->rcx ni mo ti ń kà á.

baba_rejísítà:
Àṣẹ CPU tó ń jẹ́ syscall, tí ètò fi ń pe kernel, fúnra rẹ̀ ló ń kó àdírẹ́sì ìpadàsílé sínú rcx, ó ń kó flags (àmì ipò CPU) sínú r11. Ohun tí ètò rẹ fi sí rcx ti lọ kí kernel tó jí. Jẹ́ kí ètò náà fi ìkẹrin sínú r10, kí ìwọ náà kà á níbẹ̀.

akọ́ṣẹ́_kernel:
Háà! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá a nínú sys_mmap.