Ṣé ó ṣì ń pé wa láti máa bá wọn ṣọ́ ilé àti ẹran ọ̀sìn, bí owó ọkọ̀ ṣe wọ́n yìí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá àwọn òyìnbó ṣọ́ ilé àti ẹran ọ̀sìn wọn nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò ni mo wá bá. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Àwa kì í sanwó ibùsùn, onílé kì í sanwó fún ẹni tó ń tọ́jú ajá, tọ̀tún-tòsì ló ń jàǹfààní. Ọ̀nà yìí la gbà mọ Whitby àti Lake District, ibi tí owó òtẹ́ẹ̀lì ò bá má jẹ̀ẹ́ ká dé.

Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ti fẹ́ lé wa kúrò nídìí ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá sí abúlé kan nítòsí Truro, ní Cornwall, pé ká wá wo ajá Labrador kan tó ti darúgbó. Oru mẹ́ta péré. Owó réluwéè àlọ àtàbọ̀ fún àwa méjèèjì lé ní 300 pọ́ọ̀nù. Ẹ tún wá fi owó ọdọọdún tí sáìtì tá a wà, èyí tó ń so onílé àti aṣọ́lé pọ̀, ń gbà kún un, àti owó tuntun tí wọ́n tún ń yọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí. Ọkọ mi ní ká pa gbogbo ẹ̀ tì. Ó ń dùn mí, torí ibẹ̀ nìkan la ti ń rí ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ṣé ó ṣì ń pé yín?

Ìyá Ológìnní, Sheffield:

Àbúrò mi, ẹ kú ìrònú. Ó ṣì ń pé èmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pè mí ni mo ń dá lóhùn mọ́. Gbogbo owó tó máa gbé mi láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà wọn, àlọ àtàbọ̀, ni mo máa ń kó jọ, màá wá pín in sí iye oru tí mo máa sùn níbẹ̀. 300 yín yẹn lórí oru mẹ́ta, 100 pọ́ọ̀nù lẹ san lórí oru kan. Ẹ lè fi owó yẹn gba yàrá, kẹ́ ẹ sì sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ láìsí ajá tẹ́ ẹ máa mú jáde nínú òjò. Ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lò, owó kan náà yẹn ò ní ju pọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lọ lórí oru kan. Ìyẹn, ẹ di ẹrù yín.

Ibi tí owó máa ń gbà jò jù ni ìparí ọ̀nà. Réluwéè á já yín sí ìlú, abúlé sì ni ilé wọn wà. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Sunday lẹ dé, bọ́ọ̀sì ò sí. Ìrìn máìlì mélòó kan nínú takisí ti gba owó lọ́wọ́ mi rí ju iye tí mo fi wọ réluwéè dé ìlú náà lọ. Báyìí, kí n tó béèrè orúkọ ajá ni mo ti ń béèrè pé, “Ṣé ẹ máa lè wá pàdé mi ní ibùdókọ̀?” Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń gbà, torí àwọn náà fẹ́ fojú rí ẹni tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ.

Ṣé ẹ ní káàdì ẹ̀dínwó ti réluwéè? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń rìn, ẹ lọ gba Two Together Railcard. 35 pọ́ọ̀nù ni lọ́dún (30 ni tẹ́lẹ̀, March 2025 ni wọ́n fi kún un), ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ o, kò sì ṣiṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ tó lù láti Monday sí Friday. 300 yín yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bí 200, ìrìn àjò kan ṣoṣo ti san owó káàdì tán. Ẹ tún rántí pé owó réluwéè tí ìjọba ń bójú tó ní England fi 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè ní March 2025, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní fi kún un mọ́ títí di March 2027. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn dúpẹ́. Bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, wọn kì í gbà ju 3 pọ́ọ̀nù lọ fún àlọ kan láti January 2025. 2 pọ́ọ̀nù ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n 3 náà ṣì dáa fẹ́ni tó ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Ohun tó gbà mí jù nìyí o. Ẹni tó ń tún mi pè lọ́dọọdún ni mo ń wá, kì í ṣe ilé tuntun. Nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Ológìnní kan wà ní Hexham tó ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ insulin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun. Bó bá ṣe ń jẹun lọ, màá fi ìka méjì gbé awọ èjìká rẹ̀ sókè bí àgọ́ kékeré, màá ti abẹ́rẹ́ náà bọ abẹ́ ibẹ̀, kò ní gbórí sókè nínú abọ́. Bó bá kọ oúnjẹ, mi ò ní gún un, dókítà rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ pè. Kì í ṣe gbogbo ilé tí wọ́n ń gba ológìnní sí ló máa fẹ́ gba irú ẹ̀ yẹn. Onílé náà mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì mi. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan ṣe tó ṣòroó rí, ì báà jẹ́ lílo oògùn fún ẹran, ì báà jẹ́ ọgbà tàbí adìyẹ, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ara yín lórí sáìtì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n san owó ọkọ̀ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Ọlọ́kọ̀, Wolverhampton:

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kẹ́ ẹ wa mọ́tò lọ o, Àǹtí. Láti Leeds dé Truro lé ní 350 máìlì. 45 pẹ́nsì lórí máìlì kan ni ìjọba fi ń ṣírò ìnáwó mọ́tò láti 2011. Tẹ́ ẹ bá fi í ṣírò àlọ àtàbọ̀, ó ti lé ní 310 pọ́ọ̀nù. Epo nìkan la máa ń rí, a kì í ka táyà àti owó mẹkáníìkì mọ́ ọn.

Bàbá Ajá, Croydon:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹni tó ń wá aṣọ́lé. December ni èmi àti ìdílé mi máa ń lọ sí Lagos. Owó bàlúù ti wọ́n kọjá àlà. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú kan ṣoṣo lọ sí Nàìjíríà di 90 pọ́ọ̀nù ní April 2025, èèyàn mẹ́rin sì ni wá. Ilé tí wọ́n ń gba ajá sí ládùúgbò wa ń gba 30 pọ́ọ̀nù lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 630 nìyẹn. Ìgbà tá a mú ajá wa lọ síbẹ̀, ó gbẹ wálẹ̀, kò jẹun dáadáa títí tá a fi dé.

Ọmọbìnrin kan ló máa ń wá láti Leicester báyìí. Mo san owó ọkọ̀ rẹ̀ àlọ àtàbọ̀, mo kó oúnjẹ kún fíríìjì, ìyàwó mi sì se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin 630 yẹn. Ọkàn mi balẹ̀, ajá náà wà lórí ibùsùn tó mọ̀. Ohun tí Màámi Sheffield sọ yẹn, òótọ́ ni. Ẹ béèrè owó ọkọ̀. Onílé tó bá ní ọpọlọ á ṣírò o, á rí i pé òun náà ń jèrè. Kí ọmọbìnrin yẹn tó béèrè lọ́wọ́ mi, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé òun ló ń dá owó yẹn san.

Ọmọ Òṣogbo:

Ẹ káàsán o. Nàìjíríà ni mo wà. Ṣé mo lè gba fisà àlejò, kí n máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn báyìí, kó lè dín ìnáwó mi kù?

Ìyá Ológìnní, Sheffield:

Ọmọ mi, má dán an wò. Òfin fisà àlejò níbí ni pé o ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, aṣọ́bodè sì lè ka ibùsùn ọ̀fẹ́ tó o gbà nítorí ajá sí owó iṣẹ́. Ní 2022, wọ́n dá obìnrin ará Ọsirélíà kan padà ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles. Kánádà ló ń lọ bá wọn wo ológìnní, Amẹ́ríkà ló kàn fẹ́ gbà kọjá. Ó ti fi ìwé àlejò ṣọ́lé ní Amẹ́ríkà rí, wọ́n ní iṣẹ́ lohun tó ṣe yẹn, bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Òyìnbó nìyẹn o. Bó o bá fẹ́ wá wo ìlú, wá wò ó, kó o sì sùn lọ́dọ̀ ẹbí rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Màámi. Bàbá Croydon, ẹ ṣé gan-an, torí èmi rò pé wọ́n á bínú tí mo bá dárúkọ owó ọkọ̀ ni. Mo ti kọ̀wé sí àwọn ará Truro pé a ò ní lè wá fún oru mẹ́ta, pé tí wọ́n bá ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lè san ìdajì owó ọkọ̀, kí wọ́n pè wá. Ọkọ mi ti ń wá Railcard yẹn lórí fóònù. Ó tún rí ilé kan ní Skipton, ológìnní méjì, ọjọ́ mẹ́wàá. Kò jìnnà sí wa rárá, onílé sì ti ní òun á wá gbé wa ní ibùdókọ̀.