Ìdáhùn: "Àdìmúpè" ni, kì í ṣe "kọ́ńsónáǹtì ìbejì", kì í sì í ṣe "àdímúpè"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Ítálì ní yunifásítì ló bèèrè ohun tí a lè máa pe kọ́ńsónáǹtì tí wọ́n ń kọ ní méjì nínú palla, notte, cassa, èyí tí àwọn ará Ítálì fúnra wọn ń pè ní doppie. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn pé "kọ́ńsónáǹtì ìbejì". Èmi dábàá "àdìmúpè", ìró tí ẹnu dì mú pẹ́ kó tó tú u. Lánàá ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbà fún mi, àmọ́ "àdímúpè" ni wọ́n kọ, wọ́n ní àmì ohùn kan ṣoṣo kì í ṣe ohun tó yẹ kó dìjà. Ẹ̀gbọ́n mi, àforíjì o, àmì ohùn yẹn gan-an ni ìjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbejì. Ìbí èjì ni. Táyéwò ní orúkọ tirẹ̀, Kẹ́hìndé ní tirẹ̀, ẹni méjì ni wọ́n. Nínú palla, l kan ṣoṣo ló wà: ahọ́n gun òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan, ó dúró síbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pe l lẹ́ẹ̀mejì ti ṣì í pè. Ojú ló rí méjì nínú ìwé, ẹnu ò rí ju ọ̀kan lọ. Ẹ wá wo bagno, ilé ìwẹ̀. Kò sí lẹ́tà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, síbẹ̀ nínú Ítálì àjùmọ̀lò, gn tó bá wà láàárín fáwẹ́lì méjì, dídì mú ni wọ́n ń dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gli inú figlio àti sc inú pesce. Z kan ló wà nínú vizio, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pe méjì inú pizza ni wọ́n ń pè é. Nínú acqua, c àti q ni wọ́n kọ, k kan tó pẹ́ lẹ́nu ni a ń gbọ́. Èwo ni Táyéwò nínú gbogbo ìyẹn?

Ó kan ohùn wàyí. Dí ni ká fi nǹkan dí ihò. Dì mú ni kí ọwọ́ di nǹkan mú kó má lọ. (Ẹ má fi "di ẹrù" bá mi jà, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ohùn àárín, ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.) Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti rí dí: nínú notte, cappello, bocca, ẹnu dí lóòótọ́, èémí ò ráyè jáde. Ṣùgbọ́n nínú cassa, èémí ń sú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nínú nonno, imú ló ń gbà jáde. Nínú palla, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Nínú carro, ahọ́n ń gbọ̀n ni. Kí la dí níbẹ̀? Ohun tó kan gbogbo wọn ni pé ẹ̀yà ìfọ̀ dúró pẹ́ sí ipò tó wà. Dì ló gbà wọ́n, dí ò gbà wọ́n. Ti dídí ẹnu náà, àwọn àgbà tó jókòó ti èdè-ìperí, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, ti sọ ọ́ tán: àsénupè. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àsénupè, àfúnnupè, àránmúpè. Ohun tí ẹnu ń ṣe ni wọ́n wò, wọn ò wo iye lẹ́tà. Ojú ọ̀nà wọn ni mo tọ̀.

Ẹnìkan tún mú "àfàgùnpè" wá. Ó sàn ju ìbejì lọ fíìfíì, àmọ́ mo fẹ́ kí a fi fífà gùn sílẹ̀ fún fáwẹ́lì, torí fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e jọ ń pín àkókò ni. Nínú pala, ṣọ́bìrì, a àkọ́kọ́ gùn, l kúrú. Nínú palla, bọ́ọ̀lù, a kúrú, l pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di l mú tó tún fa a gùn kò tíì pe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Etí Yorùbá máa ń sọ àwọn méjèèjì di "pálà", ohùn nìkan ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sete ni òùngbẹ, sette ni eéje. Capello ni irun, cappello ni fìlà.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Gbé notte. Sọ "nọ", kí orí ahọ́n lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè, má tú u. Ka oókan, eéjì lọ́kàn. Ìgbà náà ni kó o tú u sí "te". Má fi fáwẹ́lì kékeré kankan dí àlàfo náà o: "nọ-ti-te" ni ẹnu wa máa ń fẹ́ sọ, torí sílébù wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Gba ohùn rẹ sórí fóònù, kó o fi Praat, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ohùn hàn, wò ó. Wàá rí ibi tí ohùn ti dákẹ́. Ti notte fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti note.

Ibi tí "ìbejì" ti ń ṣe jàǹbá gan-an ni mm àti nn. Nínú "ó ń nà án" tàbí "ó ń mu ún", n yẹn dá sílébù ní, ó ní ohùn tirẹ̀, o lè pàtẹ́wọ́ sí i. Bó o bá wá sọ fún ọmọ Yorùbá pé n méjì ló wà nínú nonno, bàbá àgbà, àkọ́kọ́ á di sílébù: no-n-no, mẹ́ta. Méjì ni ti Ítálì: non-no.

Gbèsè yẹn á dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí Divina Commedia, ewì Dante, akéwì Ítálì tí wọ́n bí ní Florence ní 1265. Sílébù 11 ni ìlà rẹ̀, ìkẹwàá ló sì gbọ́dọ̀ wúwo, ìyẹn ni pé ẹnu gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́: nel-mez-zo-del-cam-min-di-no-stra-vi-ta. Ó pé 11, vi ló bọ́ sí ìkẹwàá. Pe cammin ní ca-m-min, ó di 12. Sọ nostra di "no-sí-tí-ra" bí a ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò, ó di 14, vi ti sá lọ sí ìkẹtàlá. Orin ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tún ní Ítálì ní ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, torí città àti caffè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì yẹn ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo ni. Ẹni tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí città ti gbé ibi tó yẹ kó tẹ̀ mì. Lórí e, ó tún ń sọ irú fáwẹ́lì: é ni e wa, bíi ti perché, è ni ẹ wa, bíi ti caffè. Fáwẹ́lì méje tí wọ́n ń pè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo náà la ní: i, e, ẹ, a, ọ, o, u. Venti tó jẹ́ ogún, e ni. Venti tó jẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ ni. Ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ ṣi ìyẹn pè.

Ti Accademia della Crusca, ìjókòó àwọn onímọ̀ èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní Florence ní 1583, tí ẹ̀gbọ́n pè ní "Ẹgbẹ́ Èèrí": n ò tíì gbà. Ògì la máa ń sẹ́ kí èèrí tó jáde, nínú omi. Crusca, ìyẹ̀fun gbígbẹ la jọ̀ kó tó jáde, èèpo àlìkámà ni. Sísẹ́ kì í ṣe jíjọ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá àgbà nídìí asẹ́ á mọ̀ ọ́n.

Ó ku ẹyọ kan. Ní Florence àti Róòmù, bí wọ́n bá sọ a casa, ìyẹn "sílé", wọ́n ń di c mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ni wọ́n kọ. Ní Milan wọn kì í dì í mú. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé ló ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo dábàá "àdìmúpè oríta". Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó gbé e wá, kó sì fi àmì ohùn sí i.