Wọ́n fẹ́ gé púlọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ wa sí mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bódìjà:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ààlà ló gbé mi dé.

Láti 1987 ni mo ti ń gbé Bódìjà àtijọ́ n'Ìbàdàn. Ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n ti gé ilẹ̀ ibẹ̀, púlọ́ọ̀tù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ti ẹ̀gbẹ́ mi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 100 lójú títì, ó jìn wọ ẹ̀yìn ní 150. Bàbá tó ni ín ti papò dà. Ìyàwó mẹ́ta ló ní, ọmọ méje ló fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ wá ní kí wọ́n gé ilẹ̀ náà sí mẹ́ta, ìdí kan ìpín kan.

Sátidé tó kọjá, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ọmọkùnrin kan láti ojú fèrèsé, ó ń fi àdá bẹ́ pèrègún tí bàbá yẹn àti ọkọ mi jọ gbìn sí ààlà. Ó bẹ́ ọ̀kan, ó bẹ́ èkejì, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ bí ìgbálẹ̀, ó dà á sí gọ́tà. Àmàlà mi di kókó.

Ogún bàbá wọn ni, mi ò bá wọn jà sí i. Méjì nínú wọn, èmi ni mo kọ́ wọn ní ABD. Ìpín ẹ̀yìn ló ń já mi láyà. Wọ́n ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá-àti-pálọ̀ mẹ́fà ni àwọn máa kọ́ síbẹ̀ fún ayálégbé. Ibi tí wọ́n sàmì sí fún sókàwéè, kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń wọ̀ sí, ìṣísẹ̀ 14 péré ló wà láàárín rẹ̀ àti kànga mi. Omi kànga yẹn la fi ń se oúnjẹ! Nígbà omíyalé 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omi dé orúnkún mi nínú pálọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, tó kún fún koríko àti máńgòrò, ló fa èyí tó kù mu. Bí wọ́n bá da kọnkéré bò ó, ibo lomi máa gbà?

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ká kọ̀wé kí ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Àwọn kan ní kí onílẹ̀ ṣe ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Kí ni ká ṣe?

Awọnlẹ̀:
Ẹ kú ìnira, Mà. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe. Bí wọ́n bá gé e láti títì lọ sẹ́yìn, ìpín kọ̀ọ̀kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ ní fífẹ̀. Fi 10 sílẹ̀ láàárín ilé àti ààlà lọ́tùn-ún, 10 lósì, 13 ló kù. Ilé wo lẹ fẹ́ kọ́ sórí 13? Bí wọ́n bá sì gé e ní ìbú, àwọn méjì ẹ̀yìn kò lójú títì, àfi kí ti iwájú yọ̀ǹda ọ̀nà, kí wọ́n sì fi ọ̀nà náà sínú ìwé sọ́fè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà ọmọọmọ ni wọ́n ń gbìn yẹn.

Ní ti kànga, mítà 30 ni àwa máa ń tẹnu mọ́. Ìṣísẹ̀ 14 yín kò lè ju mítà 11 lọ.

Ọmọ Ìdí Kejì:
Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má kọ́kọ́ kọ̀wé síjọba. Ilé bàbá tiwa l'Ókè-Àdó, a ò pín in. Ẹnikẹ́ni ò tún páànù tó jò ṣe, torí kò sẹ́ni tó ni ín. Ìyẹ̀wù tí wọ́n bí mi sí, igi ọ̀pọ̀tọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dùn mí títí di òní. Àwọn ọmọ yẹn ń sá fún irú rẹ̀ ni.

Lọ́yà Ìlú:
Ìdí igi, ìyẹn ìdí ìyàwó kan ìpín kan, ni àṣà wa; orí ò jorí, ìyẹn ọmọ kan ìpín kan, ni wọ́n ń lò bí olórí ẹbí bá rí i pé ìdí igi máa dá ìjà sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún Dáńmọ́lé àti Dáwódù dé Lọ́ńdọ̀n ní 1962, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dá a. Kí ẹ béèrè bóyá gbogbo ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i. Bó bá sì di títà fún ẹlòmíì, Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ìyá Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ Ìdí Kejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mi ò kọ̀wé mọ́. Lánàá mo ránṣẹ́ pe àkọ́bí wọn. Mo fa omi kànga, mo bù ú fún un nínú ife, ó mu ún. Mo wá ní kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n dé ibi àmì yẹn. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ló pè mí pé àwọn máa gbé sókàwéè síwájú, lápá títì, ọ̀gbẹ́ni awọnlẹ̀ wọn sì ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdé nítorí ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ omíyalé ló kù. Mo ti ní kí wọ́n fi igi máńgòrò yẹn sílẹ̀ fún mi.