Kí nìdí tí «ìtàn àròsọ» kò fi bá ohun tí à ń wá mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí á máa lo «ìtàn àròsọ» fún ohun tí àwọn ará Gíríìsì ń pè ní mythos, ìyẹn ìtàn nípa àwọn òrìṣà àti bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ gedegbe sí «ẹ̀sìn». Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé n kò fara mọ́ ọn, nítorí orúkọ náà ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí a bá pè ní àròsọ, a ti sọ pé ẹnì kan ló jókòó tó rò ó.

Yorùbá ti ya àlọ́ sọ́tọ̀ sí ìtàn tipẹ́, William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, sì ṣàkíyèsí ìpín yìí nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1965. Apàlọ́ a pe «Ààlọ́ o», àwọn ọmọ a gbè é, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ìjàpá kì í fọhùn. Ṣùgbọ́n a kì í gbé ààlọ́ kí á tó sọ bí Odùduwà ṣe fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti òde ọ̀run, tàbí bí Ọbàtálá ṣe mu ẹmu yó tí iṣẹ́ ìdá ilẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. «Ìtàn ìwáṣẹ̀» ni mo fara mọ́ fún irú èyí. «Láti ìwáṣẹ̀» ti wà lẹ́nu wa, «ṣẹ̀» inú rẹ̀ ló sì wà nínú «ìṣẹ̀ṣe». Kò sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, nítorí náà a lè lò ó fún ti Ádámù àti Éfà pẹ̀lú, láì tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀sìn ní tirẹ̀, inú «sìn» ló ti jáde, ohun tí a ń fi ọwọ́ àti ara ṣe ni. Ìtàn ní ẹmu ló ṣi Ọbàtálá lọ́nà. Ẹ̀sìn ní kí ẹni tó ń sin Ọbàtálá má fẹnu kan ẹmu. Ìtàn Zeus, olórí òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ṣì wà nínú ìwé títí di òní, ṣùgbọ́n eérú pẹpẹ rẹ̀ ní Olympia, níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́, ti tutù tipẹ́. Àwọn olórìṣà ní Kúbà, ẹ̀wẹ̀, «patakí» ni wọ́n ń pe ìtàn òrìṣà, láti inú «pàtàkì» tiwa, wọ́n sì ń sọ ọ́ nídìí ìdáfá fún ẹni tó bá mú ìṣòro wá. Ó dùn mọ́ mi gidigidi pé àwọn tí a kó lẹ́rú sọdá òkun ló sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìdí tí ènìyàn fi ń gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ «gbàgbọ́» fúnra rẹ̀: «gbà» ló ṣáájú «gbọ́». Ọmọ tí wọ́n bí sílé àwọn tó ń sin Ọbàtálá ti rí i pé ìyá òun kì í mu ẹmu, òun náà kò sì mu ún, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sọ ìtàn Ọbàtálá fún un. Nígbà tí ìtàn bá dé, ìdí ohun tó ti ń ṣe ló ń gbọ́. Síbẹ̀, kí á má fi «ìgbàgbọ́» rọ́pò «ẹ̀sìn» gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti béèrè, nítorí «onígbàgbọ́» ti di orúkọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì lẹ́nu wa, mùsùlùmí àti olórìṣà kò sì ní rí ara wọn nínú rẹ̀.