"Àrùn àkóbá" àti "ìlera kan": mo ta kò wọ́n

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dábàá láti fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá: "àrùn àkóbá" fún zoonosis, ìyẹn àrùn tí ènìyàn ń kó lára ẹran, àti "ìlera kan" fún One Health, ìyẹn èrò pé ìlera ènìyàn, ti ẹran àti ti àyíká so pọ̀ mọ́ra. N kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn.

"Àkóbá" dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọ́n kó bá òun ti pe ara rẹ̀ ní aláìṣẹ̀. Ẹ wo àrùn Nipah tó bẹ́ sílẹ̀ ní Malaysia lọ́dún 1998. Ara àdán ló ti wá. Wọ́n gbin máńgòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Àdán ń jẹ èso, àjẹkù ń bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ kó àrùn náà, àwọn tó ń sìn wọ́n sì kó o. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, wọ́n sì pa ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan kí ó tó rọlẹ̀. Ta ló wá kó bá ta? Ní tèmi, "àkóràn láti ara ẹran" ti tó. Ó gùn, àmọ́ àgbẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìlera kan" ló ká mi lára jù. Bí a bá ní "ọkùnrin kan", a kò tíì sọ èwo nìyẹn. Ìlera wo wá ni? Àdéhùn One Health tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé), FAO (àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn), UNEP (àjọ àyíká) àti WOAH (àjọ ìlera ẹran) tọwọ́ bọ̀ lọ́dún 2022 ni pé kí wọ́n pawọ́ pọ̀ tọ́jú ènìyàn, ẹran àti àyíká. Ẹ fi dìgbòlugi wò ó. Ajá ló ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa. WHO àtàwọn alájọṣe rẹ̀ fẹ́ kí ikú irú ẹ̀ dópin ní 2030, ọ̀nà rẹ̀ sì ni kí ìdá 70 nínú 100 ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dókítà ẹran ló ń gún ajá, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ló sábà ń náwó sí i, ilé iṣẹ́ ìlera ló ń ka ẹ̀mí tó là. Bí ẹ̀ka kan bá ń wojú èkejì, ajá ò ní gba abẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìlera àjùmọ̀ní" wá. Ẹnìkan lè ní ohun àjùmọ̀ní la máa ń pa tì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lórí ohun àjùmọ̀ní, a lè bi olúkúlùkù pé ìpín tirẹ̀ dà. "Ìlera kan" ò lè bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju "àkóràn láti ara ẹran" lọ, tí kò sì dẹ́bi fún ẹran, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́.