Òkúta inú omi: kí ló dé tí òṣùwọ̀n kò yí padà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ físíìsì. Mo so òkúta kọ́ òṣùwọ̀n onísípíríǹgì: 5 N (níútọ̀n, ẹyọ tí a fi ń wọn agbára àti ìwúwo) ni níta, ó di 3 N nígbà tó rì tán sínú garawa omi. Ìyẹn yé mi, omi tó tì kúrò ló wúwo tó 2 N, bí Archimedes, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, ṣe wí. Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó, 3 N náà ló ń kà, bẹ́ẹ̀ tíṣà ní ìfúnpá omi ń fi nǹkan bí 9,800 páskà lé sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ṣé tòkè òkúta àti tìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ ń pọ̀ ni, tí ìyàtọ̀ wọn kò fi yẹ̀? Òkúta tó wá lẹ̀ pinpin mọ́ ìdí garawa, tí omi kò ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?