Hosta tí mo kó wá láti Minnesota ń kéré sí i ní Houston

Ìyá Tóbi, Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọlọ́gbà. Minnesota, ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà, la ń gbé tẹ́lẹ̀, hosta mi (ewéko ọgbà tó fẹ́ràn ibòji) níbẹ̀ máa ń kún bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí a ń kó bọ̀ wá sí Houston, mo hú díẹ̀ dání. Abẹ́ igi óákù ló wà, oòrùn ọ̀sán ò dé ibẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ọdọọdún ló ń rù sí i. Ti ọdún yìí, ewé mẹ́ta péré ló yọ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, etí rẹ̀ sì ti gbẹ. Astilbe, òdòdó ibòji mìíràn, ní tiẹ̀ ti kú pátápátá. Ṣé omi ni kò tó ni, àbí kí n bu ajílẹ̀ sí i?

Bàbá Kẹ́mi, Atlanta
Ẹ má bu ajílẹ̀ kankan sí i. Oorun ni kò rí sùn. Hosta gbọ́dọ̀ sùn ní wíńtà, ó kéré tán bí ọ̀sẹ̀ 6 tí òtútù ò kọjá dígírì 40 ti Fahrenheit. Ní Atlanta níbí, ó ń rí i sùn. Ti Houston yín, òtútù lónìí, ooru lọ́la. Bí kò bá sùn yó, ewé wẹ́wẹ́ ló máa fi jí.

Àdùkẹ́, Baton Rouge
Òótọ́ lẹ sọ, sà, àmọ́ ẹjọ́ òru náà wà níbẹ̀. Oúnjẹ tí ewé bá sè lọ́sàn-án, ó ń jẹ nínú rẹ̀ lóru. Bí òru bá tutù, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù pamọ́ sí gbòǹgbò. Òru oṣù Keje ní Houston kì í sábà wálẹ̀ ju dígírì 75 lọ, ó ń jẹ owó àti èlé nìyẹn. Ibòji ò lè gbà á lọ́wọ́ ìyẹn.

Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí òwú funfun tó ràn mọ́ ọrùn rẹ̀, tí hóró pupa rẹ́súrẹ́sú bíi yànmọtí wà lára rẹ̀, àrùn ni. Ẹ hú u tòun ti erùpẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ dà á nù. Hóró yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá Tóbi
Mo ti gbẹ́ ẹ wò. Kò sí òwú. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì le.

Bàbá Kẹ́mi
Ó ṣì lẹ́mìí nìyẹn. Bí ewé bá ti wọ́ dànù ní oṣù Kejìlá, ẹ hú u, ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi peat moss (ewéko jíjẹrà tí wọ́n ń tà fún ọgbà) wé e, kó wà nísàlẹ̀ firíìjì títí di oṣù Kejì. Kì í ṣe fírísà o!

Àdùkẹ́
Firíìjì kẹ̀? Níbo lẹ̀fọ́ máa wà? Mọ̀mí, ẹ gbin Kaempferia, ìdílé atalẹ̀ ni, ewé rẹ̀ ní àwọ̀ aláràbarà, ooru ò sì já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ó máa ń wọlẹ̀ lọ ní wíńtà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yọ, torí náà ẹ má rò pé ó ti kú ní oṣù Kẹrin. Caladium náà dáa, ìbátan kókò wa ni. Bó bá ṣáà jẹ́ hosta lọkàn yín fẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní plantaginea. Ṣáínà ló ti wá, ó fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, òdòdó funfun rẹ̀ sì máa ń ta sánsán lálẹ́.

Ìyá Tóbi
Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá wá plantaginea yẹn, màá sì dán ti firíìjì wò. Bàbá Kẹ́mi, ṣé kí peat moss náà tutù ni àbí kó gbẹ?

Bàbá Kẹ́mi
Kó ní ọ̀rinrin díẹ̀. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí omi má kán.